Ààrò Oòrùn Onírun Àgùntàn

Ìsàlẹ̀ Òkè Black Mesa,
Arizona.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án.

Màmá mi kékeré, Verna, ẹni ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́ àti tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ìdúró ilé ìfọṣọ yẹn ò tíì tún dá a lóró? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, lórí ìjókòó, pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, kí ooru Phoenix sì ti rọlẹ̀ díẹ̀ fún yín. Ní tiwa, àlàáfíà la wà. Màmá yín, ìyá àgbà mi, ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì gbàgbé pé ẹ ò wá síbi ìrẹ́run àgùntàn lọ́dún yìí. Mo ti jíṣẹ́ o.

Lẹ́tà yín dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi í pamọ́ sínú agolo ìyẹ̀fun kí màmá yín má baà rí ojú mi nígbà tí mo bá tún ń kà á. Ẹ ní ẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, ẹ ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àti pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ẹ óò wa ọkọ̀ wá mú Kaibah ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ yín, kí àyà rẹ̀ lè sinmi lọ́wọ́ èéfín. Òótọ́ ni pé èmi fúnra mi ni mo gbà bẹ́ẹ̀ lóṣù Keje. Ẹkún ni mo fi gbà á, ṣùgbọ́n mo gbà á. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ka lẹ́tà yìí dé ìparí kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí orí òkè nìkan la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, atẹ́gùn ibẹ̀ a sì máa gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Sítóòfù onírin wa tí a ń fi igi àti èédú dáná sí ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, páìpù èéfín rẹ̀ sì ti dípẹtà. Tí mo bá ti ń se oúnjẹ báyìí, àyà Kaibah á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀! Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó tẹ́tí sí i títí, ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá Kaibah, èéfín kankan ò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí àyà ẹ̀ ò bá mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ wá ilé mìíràn fún un kí òtútù tó dé." Ilé mìíràn yẹn ni tiyín. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Tó bá sùn lọ́sàn-án, màá gbé etí lé e láyà. Tí mo bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù á bà mí; tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù á tún bà mí.

Ẹ wá wo bí ọ̀nà ṣe dí mọ́ mi. Nínú ilé, a ò gbọ́dọ̀ dáná. Níta, wọ́n ti fòfin de iná nítorí ọ̀dá, torí koríko ti gbẹ débi pé igi ìṣáná kan péré lè jó gbogbo òkè. Gáàsì díẹ̀ tó kù, kọfí àti ògì Kaibah nìkan ni mò ń fi í sè, nítorí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì jìnnà, ọkọ̀ wa sì ti kú sẹ́yìn ọgbà àgùntàn láti ìgbà òtútù. Emery ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin ní Nebraska, kò ní dé àfi oṣù Kọkànlá. Ti sítóòfù tuntun tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ilé tó ní ọmọ aláìlera, orúkọ wa wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ewé bá wọ́ tán kó tó kàn wá. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ inú agolo ní tútù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, màmá yín ti àwo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Sharlene, kí ni mo ṣe? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù mí sí ni, tí mo fi ń jẹ ẹ̀wà tútù nínú agolo, tí àwọn àgùntàn mi sì ń wò mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi jáde. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ tó kú yẹn kí n lè ráyè sunkún, ṣùgbọ́n àga ọkọ̀ ta mí nítan bí iná, mo fò dìde. Ni mo bá rí i pé àbẹ́là tí Emery gbàgbé sábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ti yọ́ pátápátá, ó ti ṣàn bọ́ sílẹ̀. Mo nu ojú mi. Kò sí iná níbẹ̀. Kò sí èéfín níbẹ̀. Gíláàsì àti oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rántí ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: nǹkan dúdú a máa mu ooru, gíláàsì a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Mo rí i pé àpótí dúdú tó ní gíláàsì lójú lè fi oòrùn se oúnjẹ fún wa. Ohun tó kù ni kí n wọ ẹ̀wù fún àpótí náà yíká, kí ooru má baà gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo yà á sí. Ìwọ̀n àpótí, ìwọ̀n gíláàsì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìwé tí mo kà kì í ṣe fún kíka iye àgùntàn nìkan. Mo rántí yín lọ́jọ́ yẹn.

Harlan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ rí àwòrán náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, tí kò bá tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, oúnjẹ kì í dà nínú ẹ̀. Ó yí kàlẹ́ńdà náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ Sharlene, tí o kì í fi iná gidi se ẹ̀wà kó rọ̀, oòrùn lo fẹ́ wá fi sè é?" Mo ní, "Ìwọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà láti fẹ́, dákẹ́ kí o bá mi di pákó mú." Ó dì í mú lóòótọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ó ń di pákó mú, ẹnu ẹ̀ ò sì dákẹ́.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, páálí méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, mo ki ìwé ìròyìn sí àárín wọn. Mo kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, mo dúró kí òórùn ọ̀dà náà lọ tán fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fi gíláàsì fèrèsé àtijọ́ tí ẹ ní kí n má jù nù yẹn bo ojú rẹ̀. Ìyá Harlan yá mi ní aago ooru tí wọ́n ń gbé sínú ààrò búrẹ́dì. Níbi gíga tí a wà yìí, omi ti ń hó tí abẹ́rẹ́ aago náà bá ti dé 200 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Tiwa dé 165, ó dúró síbẹ̀ bí ìbaaka tó ya olórí kunkun. Ẹ̀wà tí mo gbé sínú rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó le bí òkúta odò. Mo yọ ìwé ìròyìn, mo ki fóòmù funfun inú kúlà tó ti fọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ gòkè dé 210! Mo pariwo. Ariwo yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí òórùn burúkú kan fi jáde, bí ìgbà tí ọ̀rá bá ń yọ́, Kaibah tó dúró tì mí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo fi ẹsẹ̀ ta àpótí náà dànù, mo gbé ọmọ mi sá lọ sábẹ́ igi, mo ń fi omi nu ojú ẹ̀ títí mímí ẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé ohunkóhun tí mi ò bá lè fi bo ọmọ mi lára, kò ní wọ inú ààrò náà láéláé.

Kí la wá fi ń bo ọmọ wa lára? Irun àgùntàn ni. Mo lọ bá màmá yín. Wọ́n la ojú mọ́ mi. "Irun tí mo fi ń hun kúbùsù lo fẹ́ kì sínú páálí? Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ẹkún tún gbọ̀n mí. Wọ́n wá fi ètè júwe ẹ̀yìn ilé. "Irun ikùn àti ti ẹsẹ̀ tí wọ́n rẹ́ nígbà ìrúwé, àpò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò gùn tó híhun, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ajá ló ń sùn lórí ẹ̀. Kó o lọ, ṣùgbọ́n bẹ ajá."

Ìkánjú ni mo wá fi bà á jẹ́. Mi ò fọ irun náà. Mo kì í sínú àpótí tuntun tí èmi àti Harlan fi pákó kàn, tòun ti ẹ̀gún, tòun ti ọ̀rá ara àgùntàn. Ooru mú un, àpótí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí àgbò tí òjò pa. Ọ̀dùnkún jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Harlan bu ọ̀kan jẹ, ó dijú, ó gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ọ̀dùnkún yìí ń ké bẹ̀ẹ̀." Màmá yín rẹ́rìn-ín débi pé gèlè wọn bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló mú kí wọ́n fúnra wọn dìde. Wọ́n mú mi lọ wa gbòǹgbò yúkà, ewéko aṣálẹ̀ tó ń hó bí ọṣẹ, wọ́n fi òkúta lù ú, wọ́n fi ìfófòó ẹ̀ fọ irun náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń fọ orí ìyàwó tuntun, a sì sá a sórí ọgbà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Tó bá dì báyìí, ooru á gba àárín ẹ̀ kọjá. Yà á kó fẹ́lẹ́, kó lè gbé afẹ́fẹ́ dúró sínú. Ṣé kúbùsù lo rí tó dì bí òkò rí?" Ọjọ́ méjì la fi jókòó ti ìyarun, Kaibah ń sùn sórí èyí tí a ti yà tán, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti dígí, ẹ má bínú, dígí ńlá yín tó wà lára àpótí aṣọ ti fọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, mo gbé e dúró lẹ́yìn ààrò kó lè máa ta ìmọ́lẹ̀ sínú. Àgbò ńlá màmá yín, olóríkunkun yẹn, jáde láti ibi omi, ó bá àgbò mìíràn nínú dígí, àgbò tí kò mọ̀ rí, tó ń wò ó lójú láìsá. Ẹ lè parí ìyókù fúnra yín. Harlan ní àgbò náà ló borí, pé èkejì ò padà wá mọ́. A wá lẹ bébà onífàdákà tó ń dán mọ́ pákó, a fi rọ́pò dígí náà, ìyẹn kì í fi àwòrán ẹnikẹ́ni hàn dáadáa.

Báyìí ni gbogbo nǹkan ṣe pé. Mo to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa onígun mẹ́jọ, mo fi sìmẹ́ńtì dè wọ́n, mo sì de ààrò mọ́ orí wọn pinpin kí àgbò má baà tún bì í ṣubú. Mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá ti ní ẹnu-ọ̀nà lọ́dọ̀ àwa Navajo, ibo la tún ń kọjú rẹ̀ sí? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ gòkè dé 230 kí n tó mu kọfí mi tán. Mo gbé ẹran àgùntàn sínú rẹ̀, mo ń kọrin. Nígbà tí oòrùn fi máa dé orí wa, abẹ́rẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó di 190, ó di 150. Lọ́wọ́ ọ̀sán, òjìji pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti bo gíláàsì mọ́lẹ̀, ẹran mi sì wà nínú òkùnkùn, ó jinná lápá kan, ó pọ́n lápá kejì. Oòrùn ti lọ, ààrò mi dúró ń wo ibi tó ti wá. Harlan yọjú wò ó, ó ní, "Ààrò yìí tayọ. Ó kàn jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sè."

Mi ò rí ẹ̀rín rín lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, mẹ́ta ló kù, Kaibah sì ti ń rù nítorí oúnjẹ tútù tí kò fẹ́ jẹ. Mo gbé òòlù, mo ní màá wó búlọ́ọ̀kù náà, màá kọjú ààrò yẹn sí gúúsù. Màmá yín dúró síwájú ẹ̀. Wọ́n ní, "O ò ní yí ẹnu-ọ̀nà kankan sí gúúsù nínú àgbàlá mi." Mo dá wọn lóhùn, Màmá mi kékeré, mo sì mọ̀ pé kò yẹ. Mo ní, "Màmá Àgbà, ṣé ẹnu-ọ̀nà ló máa fún ọmọ mi lóúnjẹ? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n mú un lọ ni?" Mo ju òòlù sílẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ọgbà àgùntàn, ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi.

Wọ́n wá bá mi níbẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n fara ti ọgbà, wọ́n bi mí pé, "Tí àlejò bá wọ ilé wa láti ẹnu-ọ̀nà, ibo ló ń gbà?" Mo ní, "Ó ń gba apá gúúsù, ó ń yí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, bí oòrùn ṣe ń lọ." Wọ́n ní, "Ṣé ó ń dúró lójú kan lẹ́nu ọ̀nà?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí o fi kan tìẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà? Jẹ́ kó kí oòrùn níbi tó ti ń yọ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó máa bá a rìn. Má ṣe jẹ́ kó yí sódì ni mo sọ, mi ò sọ pé kó má rìn." Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń rìn bẹ́ẹ̀ yí ká ilé yẹn, mi ò sì rí i.

Èmi àti Harlan wó búlọ́ọ̀kù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó lọ sídìí ọkọ̀ tó kú, ó tú irin tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ fi ń yí, ó rì í mọ́lẹ̀ dé àárín, ó sì kan ààrò mọ́ orí rẹ̀. Ìka kan péré lẹ máa fi tì í tó máa yí. Ọkọ̀ tí mo sunkún nínú ẹ̀ ló gbé ààrò mi ró, ẹ ò rí i! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn, màmá yín sì gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí òjìji bá ti fẹ́ fi ìka kan gorí gíláàsì, wọ́n á tì í díẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọjá 230. Ó kọjá 250. Lẹ́nu ọ̀sán gangan, ó dúró ní 265, ó sì wà níbẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta fi kọjá. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà níta. Kò gbóná. Inú rẹ̀ ń jó bí iná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó sùn. Irun ikùn tí ajá ń sùn lé lórí ló ń dá gbogbo ooru yẹn dúró. Orí mi wú, Màmá mi kékeré. Mi ò purọ́ fún yín, mo yangàn. Mo rìn yí ààrò náà ká bí ẹni ń wo ọkọ̀ tuntun.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì ṣáná síta, mi ò tíì ṣáná sínú ilé. Ẹran àgùntàn pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ẹ̀wà tó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ, ògì àgbàdo aláwọ̀ aró, ó ń sè é. Nígbà tí àgbàdo tútù dé, màmá yín ní àwọn fẹ́ búrẹ́dì ìkúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, torí ẹ mọ̀ pé inú kòtò gbígbóná la ti ń sè é láti ayébáyé, ẹ sì mọ ẹnu wọn. Mo kúnlẹ̀ ti ọlọ, mo lọ àgbàdo, mo dì í sínú háhá rẹ̀, mo tò ó sínú ìkòkò dúdú. Nígbà tó jinná, wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò ní òórùn eérú." Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n mú èkejì. "Mi ò sọ pé kò dùn." Ẹyọ mẹ́rin ni wọ́n jẹ.

Kaibah ló wá di ọ̀gá gbogbo wa. Ó ń jókòó ti màmá yín, ó ń ṣọ́ òjìji bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Tó bá ti dé etí gíláàsì báyìí, á na ìka sí i, á pariwo, "Ẹ yí i! Ẹ yí i!" Àgbà náà á dáhùn, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi," wọ́n á sì yí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo ń gbọ́ ariwo yẹn, kí n tó mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ọmọ tí kì í lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìdúró mí ni o.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Harlan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan náà ni. Ó gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó tún padà sí àyà. Mo ń wo ojú ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó ní kí Kaibah fẹ́ atẹ́gùn jáde, Kaibah sì fẹ́ ẹ lù ú lójú tòun ti itọ́. Nọ́ọ̀sì yọ ẹ̀rọ létí. Ó ní, "Ó mọ́. Àyà ẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí lẹ lò fún un?" Mo ní, "Irun àgùntàn ni, mà." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Mo ya ààrò náà fún un lẹ́yìn ìwé tó fún mi, ó ní kí n tún ya òmíràn kí òun lè fi han àwọn ìyá tó kù. Ìwé tó kọ pé àyà ọmọ mọ́, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Òtútù ń bọ̀, ààrò oòrùn ò sì lè mú ilé gbóná. Harlan ti pààrọ̀ páìpù tó dípẹtà, ó ti fi amọ̀ dí ibi tó sán, wọ́n sì ti wá wọn ibi tí sítóòfù tuntun máa dúró. Ẹni méjì péré ló ṣáájú wa nínú ìwé báyìí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó dà bíi pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Tí àyà ẹ̀ bá tún súfèé lẹ́ẹ̀kan, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá bá yín, ẹ ò ní pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọmọ mi ń mí dáadáa nínú ilé tí wọ́n bí i sí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó dúró.

Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé bí ẹ ti sọ. Ẹ kàn yọ àga ọmọdé kúrò nínú ọkọ̀. Àgbàdo la máa kó síbẹ̀ fún yín. Bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, ẹ má dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà Kérésì, èmi àti Kaibah á wá sùn lórí ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ń padà sílé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ pèsè àyè sílẹ̀ fún ọmọ mi kí n tó mọ̀ pé mi ò ní nílò rẹ̀. Kí ọ̀nà yín dára níwájú, kó dára lẹ́yìn, kó dára lókè àti nísàlẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yín má ṣe rẹ̀ yín, kí ilé tí ẹ bá wọ̀ máa rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ sì pẹ́ fún wa.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ tọ́,
Sharlene, ìyá Kaibah.

Mo tún rántí: Tí ẹ bá rí gíláàsì fèrèsé mìíràn níbẹ̀, ẹ bá wa mú un bọ̀, èyí tó tóbi. Màmá yín fẹ́ kí n ṣe tiwọn lọ́tọ̀, èyí tó lè gba odindi itan àgùntàn. Wọ́n ní tèmi yìí, ti ọmọdé ni. Wọ́n sì ní kí n kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má páàkì sí apá gúúsù ilé. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọkọ̀ bo oòrùn àwọn, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú àwọn, kò ní jẹun.